Ọmọ Iṣẹ́ Kì Í Di Àtàrí

Màámi ti dúpẹ́ lórí iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì kí iṣẹ́ náà tó parí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ látorí òtútù àti yìnyín bí gbogbo ẹni tó ti òkè òkun dé ṣe máa ń ṣe, a ò ní tètè débi tọ́rọ̀ wà. Wọ́n ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ra ọsàn, wọ́n ra ìrèké, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n jó látẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ ní ìjọ aláṣọ funfun wọn ní Okokomáíkò. Wọ́n sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ àwọn ti yanjú ohun tí àwọn òyìnbó ò rí yanjú. Èmi tí wọ́n ń torí ẹ̀ jó wà ní ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ń dúró de ìwé tí wọ́n máa fi yíǹkì pupa sàmì ńlá sí láàárín. Iṣẹ́ ò tíì parí o. Ihò wà nínú ẹ̀, ihò tí màlúù lè gbà kọjá.

Abẹ́ àtíbàbà kan létí títì ni Màámi ti ń dirun nígbà yẹn. Ìlú le. Ṣáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé nígbà yẹn, ń fi ojú gbogbo wa rí màbo, ṣùgbọ́n obìnrin ò ní torí pé ìlú le kó má dirun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì á rìn láti Ìyànà-Ìbà wá, torí kò sẹ́ni tó ń di ṣùkú bíi Màámi. Ẹ mọ ṣùkú: gbogbo ìlà irun á gbéra láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ etí, láti ìpàkọ́, wọ́n á máa gòkè, gbogbo wọn á wá pàdé lórí àtàrí bí apẹ̀rẹ̀ kékeré. Látìgbà tí ọwọ́ mi ti tó òòyà mú ni mo ti ń bá wọn di ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n tí ìlà bá ti ku bí ìka mẹ́ta kó dókè, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù á gbọ́wọ́ kúrò, a ó ní, "Màámi, ó ti délé o." Wọ́n á dìde, wọ́n á nu ọwọ́ wọn, wọ́n á sì parí ẹ̀ fúnra wọn.

Òfin ni. Ọmọ iṣẹ́ kì í di àtàrí. Ọjọ́ tó bá máa gba fúrídọ́ọ̀mù ni ọ̀gá á tó kọ́ ọ, orí ìyá tó bí ọmọ náà ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ, níṣojú gbogbo ènìyàn. Mo rí ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin tó gba fúrídọ́ọ̀mù níṣojú mi. Èmi ọmọ onílé, wọn ò kọ́ mi. Mo sunkún, mo bínú, mo kọ oúnjẹ. Màámi ní kí n jẹun jàre. "Ẹni tó bá mọ àtàrí dì, abẹ́ àtíbàbà yìí ló máa kú sí. Ìwé ni wàá kà."

Mo kà á. Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì tó wà ní Ìyànà-Ìbà yẹn náà, a wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, a máa ń du àga. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá gbé mi kọjá òkun, gbogbo àdúgbò ní mo ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ibi tí mo wà sí Lọ́ńdọ̀nù jìnnà, àmọ́ ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún? Lójú wọn, gbogbo ibi tí bàálù bá ti ń balẹ̀ sí ní òkè òkun, Lọ́ńdọ̀nù ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé iwájú purofẹ́sọ̀ tó máa mójú tó iṣẹ́ mi, obìnrin àgbàlagbà kan tó máa ń wọ súwẹ́tà kan náà láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Ni àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwa méjèèjì wá ń wá ohun tí kò sọnù lábẹ́ tábìlì. Wọ́n dìde tán, wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Máágírẹ́ẹ̀tì. Háà! Èmi? Kí n máa pe ìyá tó ju ìyá mi lọ lórúkọ? Gbogbo ọdún tí mo fi wà lọ́dọ̀ wọn, mi ò pè é rí. Mo máa ń dúró kí wọ́n wojú mi ni, kí n tó sọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ rèé, ẹ má bẹ̀rù, kò le bí ẹ ṣe rò. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ da gàrí sórí ẹ̀, kó pọ̀ níbì kan, kó kéré níbòmíràn. Ká wá sọ pé ibikíbi tí ẹ bá fìka tọ́ka sí lórí ẹní yẹn ló ní ọ̀nà tirẹ̀ tó kọjú sí, bí irun ṣe ń kọjú sọ́nà kan lórí ènìyàn. Ẹ dúró síbì kan. Ẹ wo iwájú tààrà, ẹ wo ẹ̀yìn tààrà. Gàrí tó wà níwájú, ẹ kó o mọ́ra; ti ẹ̀yìn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá sún mọ́ yín jù ló máa wúwo jù, débi pé èyí tó wà lẹ́sẹ̀ yín gan-an, ìwúwo ẹ̀ ò lópin. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbani ni pé iwájú àti ẹ̀yìn ń pa ara wọn rẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ojú ẹní. Ìbéèrè wá ni pé, tí gàrí tẹ́ ẹ dà sílẹ̀ bá níwọ̀n, ṣé ohun tẹ́ ẹ máa rí kó jọ náà á níwọ̀n, àbí á ya wèrè mọ́ yín lọ́wọ́?

Tó bá jẹ́ ọ̀nà kan náà ni gbogbo ẹní kọjú sí, àwọn àgbà ti yanjú ìyẹn tipẹ́. Ìgbà tí ọ̀nà bá ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ibì kan sí ìkejì ni ẹjọ́ dé. Ẹ wo Ìyànà-Ìbà lọ́jọ́ Sátidé. Kálukú ló mọ ibi tó ń lọ, ọ̀nà ẹnì kan ò fẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì, síbẹ̀ gbogbo wọn á ṣáà rọ́ lu ara wọn lójúkan níwájú géètì. Bẹ́ẹ̀ ni gàrí yìí náà ṣe lè rọ́ jọ síbi kékeré tí kò sẹ́ni tó retí ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti sọ irú yíyí tí kò ní fa irú ìrọ́lura bẹ́ẹ̀, kí n sì fi hàn pé kò lè fà á láéláé.

Ojú ọ̀nà irun ni mo fi ń wò ó láti ọjọ́ kìíní. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, bàbá ẹni yìí dókítà, ìyá tọ̀hún ń kọ́ni ní yunifásítì. Èmi wá fẹ́ sọ pé abẹ́ àtíbàbà ni mo ti kọ́kọ́ rí ìṣirò?

Ìdáwà yẹn pọ̀. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn burú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ẹ, wọ́n á di ilẹ̀kùn mú fún ẹ kó o kọjá, wọ́n á sì wọlé wọn lọ. O lè wà nínú yàrá ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má béèrè bó o ṣe jí. Àwọn ẹyẹ funfun etí òkun kan máa ń han lórí òrùlé lówùúrọ̀, ohùn wọn dà bíi ti àwọn àgbò Alaba Rago nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo wà nílé, mo máa ń ṣépè fún àwọn àgbò yẹn. Níbẹ̀, mo ń ṣí fèrèsé nínú òtútù kí n lè gbọ́ ẹyẹ tó jọ wọ́n. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe ń yí ènìyàn padà?

Irun náà ló wá gbà mí. Mo pàdé Dórótì, nọ́ọ̀sì ọmọ Jàmáíkà, níbi tí a ti ń lọ fọ aṣọ. Kò kí mi, kò bi mí lórúkọ, ó ṣáà fọwọ́ kan orí mi, ó ní ta ló di èyí. Mo ní èmi ni. Ó pariwo! Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo Sátidé ló ń wá sí kíṣíìnì mi, á gbé ìrẹsì òun ẹ̀wà dání, á jókòó sílẹ̀ sáàárín orúnkún mi, á máa fi ọ̀gá ẹ̀ ní ọsibítù ṣẹ̀fẹ̀. Mo wá mọ̀ pé ibi tí ènìyàn bá ti lè gbé orí ẹ̀ lé ẹ lórúnkún kó sì sùn lọ, o ti ní ìlú díẹ̀ níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí Dórótì ń bẹ̀ mí fún tí mi ò gbà ni ṣùkú. Ó rí i nínú fọ́tò Màámi lára ògiri. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n dì. Ó ní irọ́ ni mo ń pa. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀ dì àyàfi ìka mẹ́ta?

Sọ́ńdè méjì-méjì ni mo máa ń pe ilé. Màámi ò ní fóònù. Alàájì kan tó ń ta rédíò ní Alaba ló ní in, nílé ẹ̀ ní Ìbà Housing Estate. Tí ìsìn bá parí, Màámi á ti ṣọ́ọ̀ṣì gba ibẹ̀ lọ tàwọn ti sùtánà funfun, láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí òfin ìjọ wọn. Alàájì á máa yọ wọ́n lẹ́nu pé wọ́n ti fẹsẹ̀ eléruku tẹ káápẹ́ẹ̀tì òun. Òun ló máa ń gbé fóònù. "Ẹ̀ẹ́lò! Lọ́ńdọ̀nù! Ìyá Onídìrí ti wà níbí látàárọ̀, wọn ò jẹ́ kí n sùn!" Màámi á já a gbà. Ìbéèrè mẹ́ta kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: ṣé mo ti jẹun, ṣé mo wọ ìbọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ńkọ́?

Ní Sọ́ńdè kan ní ọdún kẹta, mo ní, "Màámi, ó ti parí o!" Orí mi ń gbóná fún ayọ̀. Ojú ewé ọgọ́rin ni mo kọ, mo ti fún purofẹ́sọ̀ ní Fúráídè tó ṣáájú. Mi ò rántí pé a kì í sọ irú ẹ̀ fún ìyá tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun. Màámi ò tilẹ̀ gbọ́ èyí tó kù. Sọ́ńdè tí mo tún pè, wọ́n ti dúpẹ́ láàárọ̀.

Ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé ìdúpẹ́ ni purofẹ́sọ̀ pè mí. Wọ́n ṣí ojú ewé kan láàárín, wọ́n gbé ìka lé àmì yíǹkì pupa níbẹ̀. Mo wò ó. Mo rí i lójú ẹsẹ̀. Mo ti gé gbogbo ẹní sí wẹ́wẹ́, ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo, láti lè kó gàrí náà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dáa níbi tí ọ̀nà bá ti ń yí jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn ọ̀nà ti ń kóra jọ, tí wọ́n ti ń yí kíákíá, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wẹ́wẹ́ mi á gba oríṣiríṣi ọ̀nà mọ́ra, wọ́n á gun ara wọn, kò sì ní sí ìwọ̀n mọ́. "Ó ku oṣù mẹ́fà," ni purofẹ́sọ̀ wí. Ohùn wọn rọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mi á parí, ìwé ìgbélùú mi á parí, màá sì padà sí Okokomáíkò lọ́wọ́ òfo.

Mi ò pe ilé ní Sọ́ńdè tó yẹ kí n pè. Mi ò pè ní èyí tó tún tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé Màámi á rìn lọ sí Ìbà láìwọ bàtà, wọ́n á jókòó ti fóònù tí kò dún, wọ́n á dìde lọ. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì pè. Ìwà tí mo hù tó ń dùn mí jù nínú ayé mi nìyẹn. Ó ń dùn mí títí dòní.

Dórótì ló lé mi síta. Ó ní òun ò ní jókòó sáàárín orúnkún ẹni tí kò pe ìyá ẹ̀. Mo lọ síbi fóònù.

"Ẹ̀ẹ́lò! Lọ́ńdọ̀nù! Ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ pa ìyá yìí?" Alàájì ò ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Màámi gba fóònù.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Màámi, ẹ má bínú. Iṣẹ́ yẹn ò tíì parí. Wọ́n rí ihò nínú ẹ̀. Ẹ ti lọ dúpẹ́ lásán."

"Ta ló sọ fún ẹ pé lásán?" Wọ́n fi ohùn tí wọ́n fi ń bá oníbàárà alárìíwísí sọ̀rọ̀ dá mi lóhùn. "Ṣé iṣẹ́ ni mo gbé lọ síwájú pẹpẹ ni? Ìwọ ni mo gbé lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko, mi ò fojú rí ẹ, mo ń gbọ́ ohùn ẹ. Ṣé ìyẹn náà níhò?"

Mo sunkún nínú àpótí fóònù pupa yẹn, ọkùnrin kan dúró níta tó fẹ́ pè, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màámi jẹ́ kí n sun ún díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ó tó. Ibo nihò náà wà?"

"Ibi tí gbogbo ọ̀nà ti ń pàdé, Màámi. Ibi tí wọ́n ti ń yí kíákíá. Níbi tó kù, ó dúró dáadáa."

Mo gbọ́ tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi. "Àtàrí nìyẹn. Mi ò kọ́ ẹ ní àtàrí." Wọ́n ní, "Ìwọ̀n kan náà lo fi mú un láti ẹ̀gbẹ́ dókè, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó o bá ti ń sún mọ́ òkè, kékeré ni kó o máa mú. Kékeré sí i. Níbi tí irun bá ti ń yí, má fà á jìnnà. Fà á díẹ̀, kó o dúró, kó o mú òmíràn. Irun ló máa sọ bó o ṣe máa mú un, kì í ṣe ọwọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ tú èyí tó o ti dì."

"Gbogbo ẹ̀, Màámi? Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta?"

"Irun tí kò dáa, ṣé a máa ń lẹ̀ ẹ́ ni? Títú là ń tú u. Orí ṣì wà níbẹ̀. Má sì dán àtàrí wò lórí ọmọ olọ́mọ o! Inú ìwé ẹ ni kó o ti dán an wò."

Káàdì fóònù mi ń parí lọ. Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn ni Alàájì tó ń pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ, tú u o!"

Kí ẹ má rò pé Màámi ló bá mi ṣe ìṣirò. Màámi ò mọ ohun tí mo ń ṣe, kò sì dí wọn lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fún mi; oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ ni mo fi ṣe é. Mo tú u láti ìparí dé ìbẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń tú irun láti ìdí ìrù. Mo tún ẹní gé, níbi tí ọ̀nà ti ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ mo gé e tóbi, níbi tó ti ń yí kíákíá mo gé e kékeré, mo sì wo bí ọ̀nà ṣe ń yí kí n tó pinnu bí màá ṣe wò jìnnà tó. Kò tún ṣeé ṣe fún gbogbo irú yíyí. Ó ṣeé ṣe fún èyí tó bá ń yí sápá kan ṣoṣo, tí kò yí padà. Ilé alájà méjì ni mo ti kọ́kọ́ sọ pé mo kọ́. Yàrá kan ni mo wá rí kọ́. Ṣùgbọ́n yàrá náà dúró. Ẹ tì í, kò mì.

Ní àsìkò yẹn ni mo wá ṣíwọ́ ìtìjú. Mo ti ń gbé bí ẹni tó fi ara ẹ̀ kan sílẹ̀ sí Okokomáíkò kó má baà dójú tì í níwájú òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ara tí mo fi sílẹ̀ yẹn gan-an ló mọ iṣẹ́.

Purofẹ́sọ̀ ka ìwé náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n pè mí, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "O ò fi ìwọ̀n kan náà gé e mọ́. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá mi ni."

Wọ́n yọ bíírò. "Mi ò mọ̀ pé onímọ̀ ìṣirò ni wọ́n. Yunifásítì wo ni wọ́n wà?"

"Okokomáíkò," ni mo wí. Wọ́n ní kí n pè é létà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn olùdánwò bọ̀ mí lọ́wọ́ tán, tí wọ́n ti pè mí ní dókítà, mi ò dúró mu tíì. Mo sáré lọ síbi fóònù. Sọ́ńdè kọ́, ṣùgbọ́n Alàájì ní kí n pa á ná, ó rán mọ́tò lọ gbé Màámi lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú ìlarun lọ́wọ́. Mo tún padà pè wọ́n.

"Màámi, ó ti parí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó parí lóòótọ́. Ẹ lè lọ dúpẹ́."

"Ìdúpẹ́ wo tún ni?" Wọ́n pòṣé. "Mo ti jó ti ẹ. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ìwọ lo pẹ́ dé."

Oṣù Kejìlá ni mo dé ilé. Àtíbàbà ṣì wà níbẹ̀, páànù ẹ̀ ti pọ́n sí i. Màámi ti kéré, mi ò mọ̀ pé wọ́n lè kéré. Àwọn ọmọ iṣẹ́ dìde kí mi, Alàájì náà ti gbé àga wá jókòó síbẹ̀, mi ò mọ ẹni tó pè é. Màámi ò jẹ́ kí n jókòó kí n sinmi. Wọ́n tú gèlè wọn. Gbogbo irun wọn ti funfun, wọn ò dì í. Wọ́n gbé òòyà lé mi lọ́wọ́, wọ́n jókòó sílẹ̀ sáàárín orúnkún mi níṣojú gbogbo ènìyàn.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Mo gba ẹ̀gbẹ́ etí, mo gba ìpàkọ́. Alàájì fa àga ẹ̀ sún mọ́ wa. Nígbà tí ìlà ku ìka mẹ́ta kó dókè, ọwọ́ mi kúrò fúnra ẹ̀, ẹnu mi sì sọ ọ́ kí n tó mọ̀:

"Màámi, ó ti délé o."

Wọn ò dìde.

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Parí ẹ̀."